Wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ sórí ilẹ̀ tí mo rà: ṣé mo lè pẹjọ́ láìní C of O?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Lọ́dún 2015 ni mo ra pílọ́ọ̀tì kan lọ́wọ́ ẹbí kan lápá Ìkòròdú. Olórí ẹbí fọwọ́ sí ìwé, àwọn àgbà méjì nínú ẹbí náà fọwọ́ sí i, wọ́n fún mi ní rìsíìtì, a sì ṣe sọ́fè. Owó ilé kò tíì sí lọ́wọ́, mo bá mọ ògiri sí ẹ̀gbẹ́ méjì, mo sì ní kí ìyá kan tó ń gbé nítòsí máa gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀ kó má baà di igbó. Lóṣù tó kọjá ni ìyá náà pè mí pé àwọn kan ti hú ẹ̀gẹ́ dànù, wọ́n ti gbẹ́ ìpìlẹ̀, wọ́n sì ti já búlọ́ọ̀kù sílẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, ọkùnrin kan na ìwé sí mi pé ẹbí kan náà ló ta ilẹ̀ fún òun lọ́dún tó kọjá, òun sì ti ń ṣe C of O rẹ̀ lọ́wọ́, ìyẹn Certificate of Occupancy, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni. Èmi ò ní C of O. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe nìyẹn. Àwọn kan ní kí n wá àwọn ọmọ tó máa lé e kúrò. Ṣé mo lè pè é lẹ́jọ́, ṣé kóòtù á sì dá mi lóhùn?

* * *

Ẹ lè pè é lẹ́jọ́. Agbẹjọ́rò ni mí, ẹjọ́ ilẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi lágbègbè tí ẹ ń sọ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ń rí ní kóòtù.

Ìbéèrè méjì ló máa ń wà nínú ìjà ilẹ̀, àwọn èèyàn sì máa ń pò ó pọ̀. Àkọ́kọ́: ta ló ni ilẹ̀? Èkejì: lọ́wọ́ ta ni ilẹ̀ wà lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́? Ẹjọ́ tí àwa lọ́yà ń pè ní trespass, ìyẹn wíwọ ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn láìgbàṣẹ, orí ìbéèrè kejì ló dúró sí. Lọ́dún 1974, nínú ẹjọ́ Amakor àti Obiefuna, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Nàìjíríà là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè pẹjọ́, bí kò tilẹ̀ jẹ́ òun ló ni ín, ó sì lè di ilẹ̀ náà mú lójú gbogbo èèyàn, àfi ẹni tó bá fi ẹ̀tọ́ tó ju tirẹ̀ lọ hàn.

Ògiri ẹ̀gbẹ́ méjì yẹn àti ẹ̀gẹ́ ìyá yẹn ni ẹ óò kọ́kọ́ gbé síwájú adájọ́. Àṣẹ yín ni ìyá náà fi ń gbin nǹkan, nítorí náà ọwọ́ yín ni ilẹ̀ wà ní gbogbo ọdún tó fi ń gbìn ín. Ẹ ò nílò láti fi hàn pé ọkùnrin náà ba ohun kan jẹ́ kí ẹjọ́ tó dúró. Ká ní ńṣe ló kàn wọlé, tó fi okùn wọn ilẹ̀, tó sì jáde, ẹjọ́ á ṣì wà. Kò sì lè torí pé òun ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ kó wá sọ pé ọwọ́ òun ni ilẹ̀ wà báyìí. Ẹni tó fipá wọlé kò lè fi ìfipáwọlé yẹn sọ ara rẹ̀ di ẹni tí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

* * *

Mo ka ohun tí àwọn tó kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yín níbí kọ lórí C of O. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ẹni tó bá kọ́kọ́ gbà á ló ni ilẹ̀. N ò gbà bẹ́ẹ̀, kóòtù náà kò sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí ni C of O jẹ́. Bí ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú rẹ̀ kò bá rí ẹ̀tọ́ kankan gbà lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún un, adájọ́ lè wọ́gi lé ìwé náà.

Ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, ọdún 1976, ni gbogbo wa ń tọ́ka sí lórí èyí. Ọ̀nà márùn-ún ló kà sílẹ̀ tí èèyàn lè fi fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀: ìtàn ìdílé láti ọwọ́ ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó, ìwé, lílo ilẹ̀ bí onílẹ̀ ṣe ń lò ó, bíi kó máa tà lára rẹ̀, kó máa fi háyà, kó máa dáko síbẹ̀, pípẹ́ tí ilẹ̀ ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹni, àti níní ilẹ̀ tó pààlà pẹ̀lú rẹ̀ lọ́nà tí kò fi ní ṣòro láti gbà pé tiẹ̀ ni èyí náà. Ọ̀kan ṣoṣo tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ti tó. Ìwé kàn jẹ́ ọ̀kan nínú márùn-ún ni.

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé ẹbí kan náà ló tà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹbí tó ti ta ilẹ̀ fún yín lọ́dún 2015, tó gba owó, tó sì mú yín débẹ̀, kò ní nǹkan kan tó kù tó lè tà fún ẹlòmíràn. Lábẹ́ àṣà wa, bí owó bá kọjá níwájú ẹlẹ́rìí, tí wọ́n sì fa ilẹ̀ léni lọ́wọ́ níwájú ẹlẹ́rìí, títà ti parí nìyẹn. Nítorí náà, àwọn ẹlẹ́rìí ọjọ́ yẹn dà? Ẹ wá wọn rí kí àárẹ̀ tàbí ọjọ́ orí tó mú wọn lọ.

Ẹ tún wo ẹni tó fọwọ́ sí ìwé yín dáadáa. Bí àwọn ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí olórí ẹbí bá dá tà á láìsọ fún àwọn àgbà ẹbí, títà náà dúró, ṣùgbọ́n àwọn àgbà yẹn lè lọ sí kóòtù kí wọ́n ní kí wọ́n yí i padà, tí wọn kò bá fi falẹ̀. Tiyín ní olórí àti àwọn àgbà nínú. Ó dára gan-an.

Ẹnìkan kọ ọ́ pé láti ìgbà Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978, gómìnà ló ni gbogbo ilẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Rárá o. Òfin yẹn fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà kó máa bá àwọn ará ìlú dì í mú. Kò fún ọkùnrin yẹn láṣẹ láti hú ẹ̀gẹ́ yín.

* * *

Ó wá kan ọ̀rọ̀ "wá àwọn ọmọ". Ó ká mi lára gan-an, nítorí mo ti rí ibi tó já sí.

Òfin Ààbò Dúkìá ti Ìpínlẹ̀ Èkó jáde lọ́dún 2016, ó sì ka lílo ipá láti gba ilẹ̀ léèwọ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ló wà fún un. Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2016 kan náà, ọdún 25 ni tiwọn, bí ẹ̀mí bá sì bọ́ níbẹ̀, ikú ni. Ẹni tó kọ̀wé láti Mowé pé òun fẹ́ kó àwọn géńdé lọ sílẹ̀ òun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún èyí kà. Níbi tí wọ́n ti ń lo Criminal Code, ìyẹn ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, abala 81 sọ pé ẹni tó bá wọ ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní àlàáfíà, lọ́nà tó lè dá ìjà sílẹ̀, ti ṣẹ̀, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú bóyá ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ilẹ̀ náà tàbí kò ní. Ìyẹn ni pé ẹ lè jẹ́ onílẹ̀ gan-an, kí ẹ ṣì bá ara yín nínú àhámọ́.

Oníbàárà mi kan kó àwọn ọmọ lọ lóru, wọ́n wó ìpìlẹ̀ tí ẹlòmíràn gbé kalẹ̀ sórí ilẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun ni ọlọ́pàá wá gbé. Títí a fi dé kóòtù, ohun tí lọ́yà ẹnì kejì ń tẹnu mọ́ ni àwòrán búlọ́ọ̀kù tó fọ́ àti olùṣọ́ tí wọ́n lù. Ìwé ilẹ̀ tiwa tó dára gan-an kò jẹ́ ohun tí adájọ́ kọ́kọ́ rí. Àwọn ọmọ náà sì padà wá bá a pé kó fún àwọn ní ìdajì ilẹ̀, nítorí àwọn ló gbà á fún un. Ajagungbalẹ̀ tí ẹ bá mú mọ ọ̀nà ilẹ̀ yín lónìí lè bá ẹlòmíràn tà á lọ́la.

* * *

OLÙBÉÈRÈ TÚN KỌ Ọ́ PÉ: Ẹ ṣé, sà. Mo ti dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀gá ibẹ̀ ní kí àwa méjèèjì kó ìwé wá, òun á wo ẹni tó ni ilẹ̀.

Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020, abala 32, sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú èèyàn lórí ọ̀rọ̀ tó kàn jẹ́ ìjà láàárín ẹni àti ẹni tàbí àdéhùn tó yẹ̀. Ẹ má fi ojúlówó ìwé yín sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fún wọn ní ẹ̀dà, ẹ mú ojúlówó lọ sílé.

Ìyẹn kò ní kẹ́ ẹ má lọ rárá. Ẹ fi ohun tó jẹ́ ọ̀ràn sùn: ẹ̀gẹ́ tí wọ́n hú, ògiri tí wọ́n bá wó u, ìhàlẹ̀ tí wọ́n ṣe sí ìyá yẹn, bíkìn, ìyẹn òpó kékeré tí sọ̀fíyọ̀ rì mọ́ igun ilẹ̀, tí wọ́n bá fà á tu. Ẹ gba ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ sọ. Ọjọ́ tó wà lórí ìwé yẹn máa wúlò fún yín gan-an. Ní Èkó, ikọ̀ kan tún wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí ajagungbalẹ̀. Lójú tèmi, wọ́n wúlò níbi tí ipá àti ìbọn bá wà. Bó bá jẹ́ ẹni méjì tó ra ilẹ̀ kan náà, tí àwọn méjèèjì sì mú ìwé dání, kóòtù ni ọ̀rọ̀ náà máa padà sí.

Kí n tó gbàgbé, ẹ lọ wo bíkìn yín lónìí. Ilẹ̀ kan tí mo bá èèyàn dé, ẹsẹ̀ bàtà bíi mẹ́fà ni wọ́n fi sún bíkìn kan kúrò ní ipò rẹ̀. Nọ́ńbà orí rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ rọ̀, kò sí koríko kankan lára rẹ̀, àwọn mẹ́ta yòókù sì ti wọlẹ̀ débi pé orí wọn nìkan ló yọ. Àwa kò fọwọ́ kàn án. A pe sọ̀fíyọ̀ tó ṣe sọ́fè náà, ó fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n láti orí ìwé, ó ya àwòrán rẹ̀, ó sì kọ ìròyìn. Nígbà tó bọ́ sínú àpótí ẹlẹ́rìí, lọ́yà kejì kò rí nǹkan kan béèrè tó lè mì í.

* * *

Ọ̀rọ̀ ti ya díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n dá àwọn kan tó béèrè ọ̀rọ̀ tiwọn náà lóhùn ní kíákíá.

Ẹni tó kọ̀wé láti Abẹ́òkúta nípa ẹ̀ka máńgòrò aládùúgbò tó nà wọ àgbàlá rẹ̀: ẹ lè gé e dé ibi ààlà, ẹ má kọjá ààlà láti lọ gé e. Ẹ̀ka tí ẹ gé àti èso rẹ̀, tẹni tó ni máńgòrò ni. Ẹ kó o fún un. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ò ní gbà, àwọn kan ti ń sọ pé ohun tó bá bọ́ sí àgbàlá ẹni tẹni ni. Òfin tí a jogún lọ́wọ́ àwọn gẹ̀ẹ́sì kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí onílé ń ṣílẹ̀kùn wọ yàrá rẹ̀ nígbà tí kò sí nílé: trespass nìyẹn, onílé tàbí kì í ṣe onílé. Nígbà tó ti gbowó ilé lọ́wọ́ yín, ọwọ́ yín ni yàrá wà. Èyí tí wọ́n ń yọ páànù orí ayálégbé torí pé ó jẹ owó, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Bó bá jẹ owó, kóòtù ni kó gbé e lọ. Mo ti rí ìdílé tí òjò pa mọ́ inú yàrá pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ nítorí irú ìwà yìí, n ò sì mọ irú owó ilé tó lè tó ìyẹn.

* * *

Ọ̀rọ̀ arákùnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀n le jù ìyẹn lọ. Ó ra ilẹ̀ lọ́dún 2009, kò mọ ògiri, kò fi ẹnikẹ́ni síbẹ̀, kò sì débẹ̀ mọ́.

Níbi tí kò bá sí ẹnikẹ́ni lórí ilẹ̀, òfin máa ń ka ilẹ̀ náà sí ọwọ́ ẹni tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ bá lágbára jù. Nítorí náà, ẹjọ́ yín ò tíì kú, ṣùgbọ́n orí ìwé àti àwọn ẹlẹ́rìí títà nìkan ni gbogbo rẹ̀ máa dúró sí, kò sí ògiri tàbí ẹ̀gẹ́ tó máa gbè yín lẹ́sẹ̀. Ẹ tún mọ̀ pé ní Èkó, ẹni tó bá jẹ́ kí ẹlòmíràn wà lórí ilẹ̀ rẹ̀ fún ọdún 12 láìpẹjọ́ lè pàdánù àǹfààní láti gbà á padà. Bí ẹnì kan bá ti dé ibẹ̀ lọ́dún 2010, tó sì ti kọ́lé, ọ̀rọ̀ ti yí padà pátápátá.

Pátákó tí ẹ kọ "ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà" sí kò tó. Ẹ wá ẹni tí yóò máa ro ibẹ̀, ẹ kọ ìwé fún un pé àṣẹ yín ló fi wà níbẹ̀, kó má baà di pé òun náà yóò pe ara rẹ̀ ní onílẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ẹ gbin pèrègún yí ààlà ká bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe. Adájọ́ tó bá wá wo ilẹ̀ máa ń fiyè sí pèrègún tó ti dàgbà.

* * *

Ìbéèrè ẹni tí ẹbí kan mú ìdájọ́ wá bá, tí wọ́n ní kí gbogbo àdúgbò tún ilẹ̀ rà lọ́wọ́ àwọn. Èyí pọ̀ ní Èkó, ó sì ti lé ọ̀pọ̀ kúrò nínú ilé tí wọ́n fi owó ayé wọn kọ́.

Ẹ má sá, ẹ má sì tíì sanwó. Ẹ béèrè ẹ̀dà ìdájọ́ náà tí kóòtù lu òǹtẹ̀ sí. Ẹ wo àwọn tí wọ́n bá ṣẹjọ́. Ẹ wo sọ́fè tí wọ́n so mọ́ ọn, kí sọ̀fíyọ̀ gbé e lé tiyín bóyá ilẹ̀ yín wà nínú rẹ̀. Bí ẹbí tó ta ilẹ̀ fún yín kò bá sí nínú ẹjọ́ náà rárá, ìdájọ́ náà kò dè yín, kí ẹ yára lọ sí kóòtù kí wọ́n tó mú katakata wá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹbí tó ta ilẹ̀ fún yín gan-an ló pàdánù, tẹ́ ẹ sì rà á lẹ́yìn tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀, ó dè yín. Níbi yìí ni èmi àti àwọn agbẹjọ́rò kan kì í ti í fẹnu kò: wọ́n á ní kí ẹ jà á títí dé òkè. Èmi máa ń sọ fún oníbàárà mi pé kó jókòó pẹ̀lú àwọn tó borí, kí wọ́n dá iye kan, kó gba ìwé tuntun tí olórí ẹbí àti àwọn àgbà fọwọ́ sí, kó sì máa gbé ilé rẹ̀. Owó ẹjọ́ tó ti parí ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ kò ṣeé rí padà.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ olùbéèrè wa. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ yìí nìyí.

Ẹ ya àwòrán ìpìlẹ̀, búlọ́ọ̀kù, ẹ̀gẹ́ tó gbẹ sílẹ̀ àti ògiri yín. Kí lọ́yà kọ ìwé sí ọkùnrin náà àti sí ẹbí pé kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró. Ìwé yìí ṣe pàtàkì: ẹni tó bá ń kọ́lé lọ lẹ́yìn tó ti mọ̀ pé ìjà wà lórí ilẹ̀, ewu orí ara rẹ̀ ló ń rà, nítorí ohun tí wọ́n bá kọ́ mọ́ ilẹ̀, ti onílẹ̀ ni. Bí kò bá dúró, ẹ gba Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Ìkòròdú lọ. Òótọ́ ni pé ojoojúmọ́ tó bá wà níbẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ń di ọ̀tun, ṣùgbọ́n ilé tó ti dé òrùlé máa ń wúwo lọ́kàn adájọ́ ju ìpìlẹ̀ lọ.

Nínú ẹjọ́ náà, ẹ béèrè ohun mẹ́ta papọ̀: kí kóòtù kéde pé ẹ̀yin lẹ ni ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀, kí ọkùnrin náà san owó gbà-máà-bínú, kí wọ́n sì fòfin dè é kó má wọ ibẹ̀ mọ́. Àwọn kan máa ń pẹjọ́ trespass nìkan kí owó ẹjọ́ lè kéré. Bí ẹ bá ti ní kí wọ́n fòfin dè é, kóòtù máa wo ọ̀rọ̀ ta ló ni ilẹ̀ bákan náà, ẹ kúkú múra sílẹ̀ fún un. Ẹ tún ní kí wọ́n pàṣẹ pé kí gbogbo nǹkan dúró bó ṣe wà títí ẹjọ́ yóò fi parí.

Owó ńkọ́? Bí ẹ kò tilẹ̀ rí ohun kan fi hàn, adájọ́ lè fún yín ní iye tó bá tọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ògiri, owó bíkìn àti owó ẹ̀gẹ́, ẹ níláti kọ ọ́ níkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye rẹ̀, kí ẹ sì mú rìsíìtì tàbí ẹlẹ́rìí wá. Kí ìyá yẹn wá fẹnu ara rẹ̀ sọ iye ebè tó kọ àti iye tí wọ́n ń ta ẹ̀gẹ́ lọ́jà. Ẹ má sọ pé "nǹkan bíi ẹgbẹ̀rún mélòó kan". Kóòtù kì í fi ìméfò sanwó irú èyí.

* * *

OLÙBÉÈRÈ: Ẹ̀rù ẹjọ́ gígùn ń bà mí. Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn?

Ó wà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ yín. Láti ọdún 2002 ni Lagos Multi-Door Courthouse ti wà, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn tó ń jà jókòó láti yanjú ọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ rí i dájú ni pé ẹbí tó tà á lẹ́ẹ̀mejì wà lórí ìjókòó náà, torí àwọn ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọkùnrin kejì lè jẹ́ ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì bíi ti ẹnikẹ́ni, inú rẹ̀ kò sì ní dùn láti kúrò lásán. Ibi tó sábà máa ń parí sí ni pé kí ẹbí fún un ní pílọ́ọ̀tì mìíràn, kí wọ́n san owó ìpìlẹ̀ tó ti gbẹ́ fún un, kí ẹ̀yin sì dúró sórí tiyín.

Bí ẹ bá fẹnu kò, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí sọ́fè ilẹ̀ méjèèjì wà lára rẹ̀, kí kóòtù sì sọ ọ́ di ìdájọ́. Kí ọkùnrin náà tó gba ilẹ̀ tuntun, kó gbé sọ́fè rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General, ọ̀gá àwọn sọ̀fíyọ̀ ìjọba, ní Aláùsá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìjọba ti gba ibẹ̀. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ìjọba ni ẹbí fi rọ́pò fún un, orí ilẹ̀ yín ló máa padà wá.